Ẹ̀rọ phased array àlòkù: ṣé kí oníṣẹ́ táńkì ní Àkúrẹ́ rà á?

Ọ̀gá kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ìjórin ní ọ̀nà Oǹdó, níbí ní Àkúrẹ́, ló kọ̀wé sí mi. Táńkì omi àti táńkì epo ni òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe bọ̀, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ epo pupa kan ní gúúsù ìpínlẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ ńlá fún wọn: sítẹ́ríláísà, ìyẹn ìkòkò irin gbọọrọ tí wọ́n ń fi sítíìmù se ẹyìn nínú rẹ̀. Irin ara rẹ̀ nípọn tó 16 mm, òrùka ẹnu ìlẹ̀kùn rẹ̀ sì tó 50 mm. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn kò ní gbà á lọ́wọ́ wọn láìsí rìpọ́ọ̀tù àyẹ̀wò phased array, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fi ìró wá àléébù inú ojú ìjórin. Ó wá béèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹnìkan ní Èkó fẹ́ ta àlòkù ẹ̀rọ náà fún mi. Wọ́n kọ 16:64 sí i lára, próòbù kan sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣé kí n rà á? Ṣé mo lè máa fi yẹ àwọn táńkì 5 mm mi wò? Ṣé ó sì lè gba ipò X-ray pátápátá?"

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì rà á. Ẹ wá ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ó sì ní sátífíkéètì kí ó wá yẹ sítẹ́ríláísà yìí wò fún yín, kí ẹ̀yin fúnra yín dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Owó tí ẹ fẹ́ kó lé àlòkù yẹn, ẹ kọ́kọ́ fi rán ọmọ iṣẹ́ yín kan tí orí rẹ̀ pé lọ kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò. Mo mọ̀ pé èsì tí ẹ ń retí kọ́ nìyí, nítorí náà mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ tó bí ó ṣe yẹ. Ìkòkò tí àwọn èèyàn yóò máa ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, tí sítíìmù tí agbára rẹ̀ tó bar 3, tí ó gbóná tó nǹkan bíi 140°C, wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a fi ń dán nǹkan wò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ultrasonic àtijọ́, tí púpọ̀ nínú àwa olùyẹ̀wò ṣì ń lò, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú próòbù rẹ̀, ìyẹn orí ẹ̀rọ tí a ń gbé lé ara irin. Ẹyọ yìí ń rán ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́ wọ inú irin ní igun kan, bóyá 45, 60 tàbí 70 dígíríì. Tí ìró náà bá pàdé ibi tí irin ti sán, ó máa padà, ẹ̀rọ á sì ka àkókò tí ó fi lọ tí ó fi bọ̀. Irú ìró tí a ń lò jù fún ojú ìjórin máa ń sáré tó mítà 3,240 nínú irin láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí olùyẹ̀wò bá fẹ́ igun mìíràn, àfi kí ó yọ próòbù yẹn kí ó fi òmíràn sí i.

Próòbù phased array yàtọ̀. Wọ́n pín inú rẹ̀ sí ẹyọ tín-ín-rín, 16, 32, 64 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹ̀rọ ń jí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdádúró tí ó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nanosecond ni a fi ń kà á. Ẹ fojú inú wo àwọn ọmọdé tí wọ́n tò sí etí odò, tí olúkúlùkù mú òkúta kan lọ́wọ́. Bí gbogbo wọn bá jùkò lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbì omi á lọ tààrà. Bí ti ọwọ́ ọ̀tún bá kọ́kọ́ jùkò, tí àwọn yòókù wá ń tẹ̀lé e níkọ̀ọ̀kan, ìgbì náà á yà sí òsì. Ìdádúró yìí ni ẹ̀rọ fi ń darí ìró láti 40 dé 70 dígíríì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan próòbù, tí ó sì ń fi àwọ̀ ya ohun tí ó padà wá sí ojú síkíríìnì. Inú ilé ìwòsàn ni irú ìmọ̀ yìí ti kọ́kọ́ gbilẹ̀. Nígbà tí ó dé ilé iṣẹ́ ní àwọn ọdún 1980, ẹ̀rọ náà tóbi, ó sì wúwo. Lẹ́yìn ọdún 2000 ni èyí tí ó ń lo bátìrì, tí èèyàn kan lè gbé gun àkàbà, wá wọ́pọ̀.

Kí ni èyí fi sàn jù fún yín? Ẹ wo ojú ìjórin onígun V tí ẹ máa ń ṣe. Ẹ fi gíráńdà lọ ẹ̀gbẹ́ irin méjèèjì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, 30 dígíríì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àléébù tí mo bẹ̀rù jù níbẹ̀ kì í ṣe ihò afẹ́fẹ́ tàbí ìdàrọ́ tí ó há sí àárín. Èyí tí mo bẹ̀rù ni kí iná máà mú ẹ̀gbẹ́ yẹn, kí irin tí ó yọ́ kàn dà lé e lórí láìwọnú rẹ̀. Ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ó máa ń tín-ín-rín, lókè ojú ìjórin á sì dára lójú bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Kí ìró tó lè padà dáadáa láti ara irú àléébù bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọlù ú gbọnrangandan, ní 90 dígíríì. Fún ẹ̀gbẹ́ tí ẹ lọ̀ ní 30 dígíríì, ìró 60 dígíríì tí ó kọ́kọ́ lọ lu ìsàlẹ̀ irin kí ó tó gòkè padà ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí próòbù wà ni ó sì máa rí dáadáa lọ́nà yìí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ yẹ ojú ìjórin kan wò láti apá méjèèjì. Olùyẹ̀wò tí ó bá ti apá kan ṣoṣo wò ó nígbà tí àyè wà ní apá kejì, iṣẹ́ ìdajì ni ó ṣe fún yín.

Ẹ lè fi ìṣirò mọ ibi tí próòbù yóò máa rìn dé. Nínú irin 16 mm, ìró 60 dígíríì máa rin 32 mm kí ó tó kan ìsàlẹ̀, yóò sì jáde lókè ní nǹkan bíi 55 mm sí ibi tí ó ti wọlé. Èyí tí ó bá lọ ní 70 dígíríì á jìnnà tó 88 mm. Nítorí náà, kí olùyẹ̀wò tó dé, ẹ ti fọ ara irin mọ́ tó 100 mm ní apá kọ̀ọ̀kan ojú ìjórin: kí èérún iná tí ó ta sí i ti kúrò, kí ìpẹpẹ ìpẹtà má sí níbẹ̀, kí ẹ má sì tíì kun ún. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ó bá há sábẹ́ próòbù tó láti dá gbogbo ìró padà, ìdí nìyẹn tí a fi ń pa gẹ́ẹ̀lì tàbí omi sí i.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù nìyí. Àwọ̀ tí ẹ máa rí lójú ẹ̀rọ kì í ṣe fọ́tò irin. Àwọ̀ pupa kò sọ pé irin ti sán níbẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé ìró tí ó padà láti ibẹ̀ lágbára. Ìdí ojú ìjórin tí ó yọ sísàlẹ̀ díẹ̀ lè fún yín ní pupa. Orí ìjórin tí ó ga jù lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Àléébù gidi tí ó dagun sí ìhà ibi tí kò yẹ sì lè fi àwọ̀ ewé tín-ín-rín hàn tí ojú á kàn fò kọjá. Mo ti rí rìpọ́ọ̀tù tí àwọ̀ inú rẹ̀ dára bí aṣọ ọdún, ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan tí ó yẹ kí ó wà níwájú àwòrán yẹn, kò sí: kò sí ìwọ̀n wẹ́ẹ̀jì (nǹkan onígẹ̀rẹ́ tí próòbù jókòó lé lórí), kò sí ibi tí próòbù dúró sí, kò sí búlọ́ọ̀kù, ìyẹn irin tí a ti mọ ìwọ̀n rẹ̀, tí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n ẹ̀rọ. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rọ kò mọ irin yín. Ẹ̀yin ni ẹ máa sọ fún un bí ìró ṣe ń sáré nínú rẹ̀, bí wẹ́ẹ̀jì ṣe ga tó, ibi tí ẹyọ àkọ́kọ́ wà, bí irin ṣe nípọn tó, bí ojú ìjórin ṣe rí. Tí ẹ bá fi ọ̀kan purọ́ fún un, ó máa gbà yín gbọ́, yóò sì ya àléébù sí ibi tí kò sí. Lẹ́yìn èyí ni ẹ máa fi búlọ́ọ̀kù dán an wò. Èyí tí a ń pè ní V1 ní ìbú yíká tí ó jẹ́ 100 mm láti àárín dé etí: bí òdiwọ̀n bá pé, igun kọ̀ọ̀kan láti 40 dé 70 gbọ́dọ̀ ka 100 mm níbẹ̀. Òmíràn tún wà tí a lu ihò 3 mm sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní oríṣiríṣi jíjìn, kí agbára ìró tí ó ń padà lè dọ́gba ní gbogbo igun àti gbogbo jíjìn. Bí a kò bá ṣe é, ihò kan náà á pupa ní 50 dígíríì, á sì ṣú ní 70.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣe nǹkan kan tí ó ju ìwọ̀nyí lọ, ẹ sì lè ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ mú irin 16 mm kan náà tí ẹ fi ń ṣe sítẹ́ríláísà, kí wẹ́dà yín jó o pọ̀ bí ó ṣe máa jó ti gidi, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi àléébù sí i: kí ó fi ibi kan sílẹ̀ tí iná kò mú ẹ̀gbẹ́, kí ó fi ìdàrọ́ sílẹ̀ níbòmíràn, kí ìdí ojú ìjórin máà wọlé tán ní ibì kẹta. Kí òun nìkan ṣoṣo mọ ibi tí ó fi wọ́n sí. Kí olùyẹ̀wò wá yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ẹ wá fi ayùn gé irin náà ní àwọn ibi tí ó tọ́ka sí àti ní àwọn ibi tí wẹ́dà mọ̀, ẹ dán ojú ibi tí ẹ gé, kí wọ́n fi ásíìdì fọ̀ ọ́ kí ìlà ìjórin lè hàn. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Metallurgical and Materials Engineering, irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wọn. Ẹ lọ bá wọn. Ẹ̀kọ́ tí ẹ̀yin, wẹ́dà àti olùyẹ̀wò máa rí nínú irin kan tí a gé yìí, èmi kò rí ohun tí ó dà bí i rẹ̀ nínú iṣẹ́ wa. Bí mo bá lágbára ni, n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ rìpọ́ọ̀tù kan lórí ìkòkò sítíìmù láìṣe é.

Oòrùn wa náà wà lára ọ̀rọ̀ yìí. Ike ni wọ́n fi ṣe wẹ́ẹ̀jì. Bí ike bá gbóná, ìró inú rẹ̀ á falẹ̀, igun tí ó fi wọ irin á sì pọ̀ ju èyí tí ẹ kọ sínú ẹ̀rọ lọ. Ẹni tí ó ṣe òdiwọ̀n nínú ọ́fíìsì tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí ó wá jáde lọ yẹ irin tí ó ti wà lóòrùn ọ̀sán wò, ti ṣìnà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé búlọ́ọ̀kù síbi kan náà pẹ̀lú iṣẹ́, kí ìgbóná wọn sún mọ́ra. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ ta àtíbàbà sí i.

Wàyí o, 16:64 tí wọ́n kọ sí ẹ̀rọ yẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó lè gba próòbù tí ó ní ẹyọ 64, ṣùgbọ́n 16 péré ni ó lè jí pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹyọ kọ̀ọ̀kan bá gba àyè 0.6 mm, 16 jẹ́ 9.6 mm. Ní 5 MHz, ibi tí ojú ìró tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti lè kó agbára rẹ̀ jọ sójú kan kò ju nǹkan bíi 35 mm lọ nínú irin, ọ̀nà inú wẹ́ẹ̀jì sì ti jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ibẹ̀ ìró á máa fẹ̀ sí i ni. Fún ara sítẹ́ríláísà tí ó jẹ́ 16 mm, ó ṣeé lò, kò burú. Ṣùgbọ́n nínú òrùka 50 mm, ìró 60 dígíríì ní láti rin 100 mm kí ó tó kan ìsàlẹ̀. Ní ìjìnnà yẹn, ẹ lè mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, ẹ kò lè sọ gíga rẹ̀ ní òdodo. Ẹ̀rọ tí ó lè jí ẹyọ 32 pa pọ̀ máa fún yín ní ojú ìró 19.2 mm, ibi ìkójọ rẹ̀ á sì lọ tó 140 mm, torí pé bí ojú ìró bá di ìlọ́po méjì, ìjìnnà yẹn á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ tà fún yín kéré sí apá tí ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ yín. Ẹnu ìlẹ̀kùn yẹn sì ni wàhálà rẹ̀ pọ̀ jù, nítorí ṣíṣí àti títì rẹ̀ kì í tán, ìgbóná àti ìtutù ń fà á síwá sẹ́yìn.

Ti táńkì 5 mm, ẹ fi phased array sílẹ̀. ISO 13588, tí ó jẹ́ ìlànà àyẹ̀wò yìí fún ojú ìjórin, 6 mm ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìlànà mìíràn wà fún irin tín-ín-rín, ISO 20601, láti 3.2 mm dé 8 mm, ṣùgbọ́n ó ń béèrè próòbù àti ìmúra tirẹ̀. Táńkì omi kò nílò ìnáwó yẹn. Ẹ kun ojú ìjórin ní ẹfun ní apá kan, ẹ fi kẹrosíìnì pa á ní apá kejì, ẹ dúró: ibi tí ó bá ń jò á fi àmì hàn lára ẹfun. Ẹ tún lè lo ọ̀dà pupa àyẹ̀wò, dye penetrant, fún ohun tí ó bá là jáde sí ojú irin.

Ní ti X-ray, kì í ṣe ọ̀tá. Fíìmù rẹ̀ ń fi ihò afẹ́fẹ́ àti ìdàrọ́ hàn kedere, ẹni tí kì í ṣe amòye pàápàá lè tọ́ka sí i. Ṣùgbọ́n àléébù pẹrẹsẹ tí kò bá dúró ní ìhà kan náà pẹ̀lú ìtànṣán lè bọ́ mọ́ ọn lójú, níbẹ̀ sì ni ultrasonic ti ta á yọ. Iridium-192, èròjà tí ń tú ìtànṣán olóró jáde, tí ọ̀pọ̀ ń lò fún iṣẹ́ irin, ń gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NNRA, àjọ tí ń bójú tó ohun olóró bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, gbogbo òṣìṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ kúrò nítòsí nígbà tí ó bá jáde nínú àpótí rẹ̀. Phased array kò ní ìtànṣán olóró; àwọn ọmọ iṣẹ́ yín lè máa bá iṣẹ́ lọ nítòsí.

Ṣé ó wá lè gba ipò rẹ̀ lórí ìwé? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn: ìlànà wo ni àwòrán ìkòkò yìí tẹ̀lé? Bí ó bá jẹ́ ASME Section VIII, ìlànà àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún irú ìkòkò báyìí, ó gbà kí ultrasonic dúró dípò rédíógíráfì, ìyẹn àyẹ̀wò onífíìmù bíi X-ray, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àwọn àdéhùn. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kí kọ̀ǹpútà máa gba àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀, kí ó ṣeé ṣí wò lẹ́yìn náà. Ìyẹn ni pé encoder, ohun kékeré oníkẹ̀kẹ́ tí ó ń sọ fún ẹ̀rọ ibi tí próòbù dé ní mm sí mm, gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ lásán ti próòbù, tí ó wá ya àwòrán síkíríìnì mẹ́ta mẹ́rin fún yín, kò tíì ṣe ohun tí ìlànà yẹn béèrè.

Ẹni tí ẹ bá sì pè, ẹ wo sátífíkéètì rẹ̀. ISO 9712 ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀lé, ó ní Level 1, 2 àti 3. Level 1 lè fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá ti kọ ohun tí yóò ṣe lé e lọ́wọ́. Level 2 ni ó lè to ẹ̀rọ, kí ó túmọ̀ ohun tí ó rí, kí ó fọwọ́ sí rìpọ́ọ̀tù. Kí ẹ rí i pé phased array gan-an wà lórí ìwé rẹ̀, kì í ṣe ultrasonic lásán. Àyẹ̀wò ojú rẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ ju ọdún kan lọ. Ọmọ iṣẹ́ yín tí ẹ máa rán lọ kọ́ ọ, ultrasonic ẹlẹ́yọ kan ni kí ó kọ́kọ́ mọ̀ dunjú. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn, àwọ̀ kò ní kọ́ ọ.

Tí ẹ bá ṣì ń wo àlòkù lẹ́yìn gbogbo èyí, bóyá èyí tí ó jẹ́ 32 lọ́jọ́ iwájú, ẹ má ra èyí tí wọ́n kàn tàn fún yín tí iná rẹ̀ mọ́. Ẹ mú olùyẹ̀wò yín dání. Kí ó ṣe àyẹ̀wò ẹyọ próòbù lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè ṣe é: ẹyọ tí ó bá kú kò ní dá ìró padà, bí wọ́n bá sì ti kú púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, igun tí ẹ̀rọ ń kọ sójú kì í ṣe igun tí ó wà nínú irin mọ́. Ẹ wo orí okùn próòbù bóyá àwọn ìṣó kéékèèké inú rẹ̀ kò tíì wọ́. Ẹ yọ okùn iná, kí bátìrì gbé e fún ìgbà díẹ̀ lójú yín. Ẹ wò bóyá ojú encoder ń ṣiṣẹ́, bóyá fáìlì lè jáde sí kọ̀ǹpútà, bóyá ìwé òdiwọ̀n ẹ̀rọ kò tíì ju ọdún kan lọ. Ẹ fi nọ́ńbà ara ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, kí wọ́n sọ bóyá wọ́n ṣì ń tún irú rẹ̀ ṣe. Ìgbà náà ni kí ẹ tó gbé e lé V1, kí ẹ wo bóyá 100 mm ni ó ń kà láti 40 dé 70.

Fún ti ọ̀sẹ̀ yìí, ìwé tí ẹ máa kọ sí ilé iṣẹ́ epo pupa yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe: ìlànà wo, ìwọ̀n àléébù wo ni wọn yóò kọ̀, ta ni yóò yan olùyẹ̀wò, ta ni yóò sanwó rẹ̀. Ẹ fi àwòrán ojú ìjórin òrùka ìlẹ̀kùn ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú èsì wọn, n ó sọ fún yín igun àti próòbù tí ó yẹ kí olùyẹ̀wò gbé wá.